Ìbọ̀wọ́ Pupa Alága Arkenby

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa pè yín ní "Ọlọ́lá Jùlọ", ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kórìíra rẹ̀, ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé Arkenby ní ilẹ̀ Yorkshire, mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni mo sì ti fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ tí wọ́n sọ nínú ìpàdé wa, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé irọ́ ni mo ń pa. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, Alága ló pa á, èmi kàn kọ ọ́ ni.

Alága tí mò ń wí, Cuthbert Ormerod lorúkọ rẹ̀. Kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kó máa wò ó bóyá òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́jà pé. Odidi ogójì ọdún ló fi wọn ànàmọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ara rẹ̀ nìkan ni kò wọ̀n rí. Ìgbìmọ̀ wa kò ju èèyàn márùn-ún lọ, iṣẹ́ wa kò sì ju ká gé koríko itẹ́ òkú, ká kun bẹ́ǹṣì etí odò, ká sì máa bára wa jiyàn lórí ìgbẹ́ ajá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi Cuthbert ṣe alága, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ, ńṣe ló sunkún. Ó ní ìran àwọn Ormerod ti ń retí ọjọ́ náà láti irinwó ọdún sẹ́yìn.

Kíá ló ní kí wọ́n rọ ṣéènì oyè fún òun, tí wọ́n so ribọ́nù pupa mọ́. Ó wá ìbọ̀wọ́ awọ pupa tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde nínú àpótí, kó lè bá ribọ́nù mu. Bó bá ń lọ ra mílíìkì, ṣéènì wà lọ́rùn. Bó bá ń da ìdọ̀tí nù, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́. Bó bá sì sín, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú koríko kì í jẹ́ kí imú rẹ̀ gbádùn láti oṣù karùn-ún títí wọ ìkeje, ìbọ̀wọ́ yẹn náà ló fi ń nu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé imú yìí. A óò tún bá a pàdé.

Nínú àwọn mẹ́rin yòókù, ọ̀kan ń jẹ́ Percy Dinsdale. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí Alága bá ní òjò máa rọ̀, Percy á ṣí agbòjò nínú ilé. Ìyáàfin Lofthouse ló tẹ̀ lé e, òun ló máa ń tún ṣéènì Alága ṣe lọ́rùn, tí á sì máa mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Dorcas Metcalfe, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àti Seth Iveson, àgbẹ̀ tó ń sin àgùntàn. Seth kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, bó bá sì ṣeé ṣe, kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pàápàá.

Ọdún kòrónà dé. Ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, pé èèyàn kàn lè jáde rìn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Áà! Àwọn tí kò rìn mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn wá di arìnrìn-àjò. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú pápá Seth kọjá, láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ń pè ní Beck House, kún fọ́fọ́ bí ọjọ́ ọdún. Géètì méje ló wà lójú ọ̀nà náà, ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń kan irin ìdè wọn. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn èèyàn, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ta ló mọ ẹni tó wúkọ́ sọ́wọ́ kó tó ṣí i ṣáájú rẹ?

A ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Alága kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà sí, nítorí náà ihò imú rẹ̀ méjèèjì àti ṣéènì oyè nìkan la rí fún wákàtí méjì.

"Alága, ọ̀rọ̀ yìí ò le o," ni Dorcas wí. "Ẹ ní kí wọ́n máa fi ìgbọ̀nwọ́ ti géètì, tàbí ìdí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó má fọwọ́ yẹn kan ojú, kó má fi kan imú, kó má fi kan ẹnu. Kí kálukú ki ìgò kékeré oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi pawọ́ sápò. Bó bá délé, kó fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ dáadáa kó tó jẹun. Ó parí."

"Ó parí kẹ̀?" Ihò imú Alága fẹ̀ sí i. "Dorcas, láti ayé Nóà, irú wàhálà yìí ò ṣẹlẹ̀ rí, ọṣẹ lò ń bá mi sọ! Lọ́la, táwọn ọmọ ọmọ wa bá bèèrè pé, 'Kí ni Alága Ormerod fi gba Arkenby là?', ṣé ká sọ fún wọn pé ọṣẹ ni? Ọṣẹ tí gbogbo èèyàn ní nílé?"

"Ohun tó dáa nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn, pé gbogbo èèyàn ní in nílé."

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Percy ké. "Ti Alága ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti Dorcas."

Bí wọ́n ṣe ṣòfin nìyẹn. Òfin Kìíní: kò sí ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ kan géètì mọ́ ní Arkenby àfi ọwọ́ Alága, nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì fi í joyè Olùṣọ́ Àgbà fún Géètì Méje àti Agbègbè Wọn. Òfin Kejì: kí wọ́n kun irin ìdè gbogbo géètì ní pupa, àwọ̀ ewu, tó tún jẹ́ àwọ̀ ìbọ̀wọ́. Òfin Kẹta: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó wà ní géètì kìíní, kó sì fọwọ́ sí i pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Báírò kan ṣoṣo ló wà lára ìwé náà, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn. Àádọ́jọ èèyàn ló dì í mú lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, láti jẹ́rìí pé àwọn ò di nǹkan kan mú. Ọkùnrin kan tó wá láti Leeds tilẹ̀ ki ìdí báírò náà bọ ẹnu nígbà tó ń ronú ọjọ́ tí wọ́n wà.

Dorcas lọ bá Alága. "Ẹ yọ báírò yẹn kúrò, Ọlọ́run ló bẹ̀ yín!"

"Báírò kì í ṣe géètì, Dorcas. Lọ ka òfin."

Kí ẹ lè mọ̀ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́, ó fi Òfin Kẹrin lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu géètì, kò gbọdọ̀ fọ géètì, àfi tó bá kọ fọ́ọ̀mù mẹ́ta, tó sì dúró de èsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ìmọ́tótó tí kò ní àṣẹ lẹ́yìn, ọ̀tẹ̀ ni. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Báyìí ni Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún aráyé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, á ṣíwájú àwọn arìnrìn-àjò, á ṣí géètì, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á sín, á fi ìbọ̀wọ́ nu imú, á tún dé ìkejì, á ṣí i. Àwọn èèyàn ń jó bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ sú fi ìdí ti géètì kẹta nígbà tí Alága wà lójú ìwé kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìdí obìnrin yẹn ló mú kí Alága sọ pé òun máa ti gbogbo géètì náà pa fún odidi ọdún kan. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀nà ẹsẹ̀ ní agbègbè wa, pé kí wọ́n rán ẹni tó máa wá buwọ́ lù ú. Kí ẹni náà tó dé, ó ti fi àgádágodo méje tì wọ́n.

Ibi tí ẹ̀rín mi dúró rèé o. Agnes Raine ń gbé ní ilé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Walter ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti jọ wà láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, wà ní Beck House. Àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe é. Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n gba ẹnikẹ́ni wọlé níbẹ̀, nítorí náà lójoojúmọ́, Agnes á gba inú pápá lọ, á fi ìgbọ̀nwọ́ ti géètì méje bí Dorcas ṣe kọ́ ọ, á sì dúró lórí koríko níwájú fèrèsé Walter. Aago mọ́kànlá géérégé ni. Agnes á nawọ́ sókè, Walter náà á nawọ́. Wọn kì í sọ púpọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ pé òun ni Walter fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá gba títì, máìlì mẹ́rin ni. Bọ́ọ̀sì ti dáwọ́ dúró, orúnkún Agnes kò gba ìrìn bẹ́ẹ̀, òfin ìgbà náà kò sì gbà kí aládùúgbò gbé e sínú mọ́tò. Àgádágodo wá wà lójú ọ̀nà pápá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè é láti Beck House pé Walter jókòó sí ojú fèrèsé títí di ọ̀sán, ó ń bèèrè pé ibo ló wà. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n tún pè é. Wọ́n ní kò bèèrè mọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé àga òun dé ojú fèrèsé mọ́.

Ọjọ́ náà ni Agnes lọ kan ilẹ̀kùn Alága.

"Alága, ẹ káàárọ̀. Mo wá bẹ̀ yín ni. Wákàtí kan péré ni, ẹ bá mi ṣí i. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, ìgbọ̀nwọ́ ni mo máa ń lò."

"Ìyáàfin Raine, bí mo bá ṣí i fún yín, mo gbọ́dọ̀ ṣí i fún gbogbo èèyàn."

"Ó máa gbàgbé mi ni, Alága."

Cuthbert tún ṣéènì rẹ̀ ṣe lọ́rùn. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbàgbé nǹkan, ṣé ó máa mọ̀ bóyá ẹ wá tàbí ẹ ò wá? Ṣùgbọ́n àánú yín ṣe mí. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣe Ayẹyẹ Ìdágbére fún Géètì Méje, mo fún yín láyè láti tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Ìrìn ìkẹyìn yín nìyẹn. Ẹ máa lè sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ wà níbẹ̀."

Agnes dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí kò tẹ koríko rí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ ni. Ó dé ọ̀nà kó tó sunkún. Dorcas ló bá a níbẹ̀, òun ló sì sọ fún mi. Ká sòótọ́, mo fẹ́ ju báírò mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ti géètì. Alága wá tòun ti ṣéènì, ìbọ̀wọ́, àti ọ̀rọ̀ ìdágbére méje tó ti kọ sílẹ̀, nínú àpò méje. Ẹni tí ọ́fíìsì rán wá ni Rukhsana Mirza, ọ̀dọ́bìnrin ará Bradford kan, tó wọ bàtà ìrìn tó ti gbó dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ormerod. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ sọ fún yín pé—"

"Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ keje, arábìnrin. Ètò wà fún gbogbo nǹkan."

"Ìjọba ní ká má ju mẹ́fà lọ níta," ni Dorcas wí. "Mẹ́jọ la jẹ́."

"Wọn kì í ka Alága," ni Percy dáhùn. "Alága kì í ṣe èèyàn kan, ipò ni."

"Ó ku méje nígbà náà."

"Akọ̀wé náà kì í ṣe èèyàn," ni Percy wí, ó sì fojú sí mi lára. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àárọ̀ yẹn kan náà, Seth ti parí rírẹ́ irun àgùntàn. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí tẹni má bàa wọ tẹlòmíràn lórí òkè. Ọ̀dà Seth, láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń pò ó pẹ̀lú òróró, òjò odidi ìgbà òtútù kan kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti tú àgádágodo géètì kìíní nítorí ayẹyẹ, ó da àgùntàn rẹ̀ kọjá níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà di irin ìdè rẹ̀ mú. Irin pupa, ọ̀dà pupa: èèyàn ò lè rí i. Ṣùgbọ́n Seth mọ̀. Ó mú àkísà wá bá Alága.

"Alága, ẹ jẹ́ kí n nu géètì yìí ná—"

"Òfin Kẹrin!"

"Ọ̀dà—"

"Fọ́ọ̀mù mẹ́ta, Seth! Ọjọ́ mẹ́ta!"

Seth wo Alága. Ó wo géètì. Ó ká àkísà rẹ̀ sápò. "Ó dáa," ló wí.

Alága na ọwọ́ ìbọ̀wọ́, ó di irin géètì kìíní mú bí ẹni ń bọ ọba lọ́wọ́, ó ṣí i. "Ìwọ géètì!" ló bẹ̀rẹ̀, "ìwọ tí o ti ń ṣí, tí o sì ń tì, láti ìran dé ìran..." Koríko ti yọ òdòdó. Ó sín. Ó fi ìbọ̀wọ́ nu imú.

Nígbà tó yíjú sí wa, imú rẹ̀ pupa bí tòmátì.

Ojú ló rí, ẹnu ò gbọdọ̀ sọ. Dorcas la ẹnu, Seth mi orí fún un díẹ̀: jẹ́ ká wò ó. Percy rò pé bóyá oyè tuntun ni. "Ojú yín ń tàn lónìí, Alága," ló wí. Rukhsana Mirza wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pa ẹnu mọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé àṣà ibẹ̀ ni.

Géètì kejì: ó sín, ó nu imú, ó họ etí. Etí di pupa. Géètì kẹta: òógùn bò ó, ó nu iwájú orí. Ìyáàfin Lofthouse sáré tún ṣéènì rẹ̀ ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà di àyà mú, àmì ìka márùn-ún hàn lórí bùláúsì funfun rẹ̀. Géètì kẹrin: Percy gbọn eruku kúrò lára ṣéènì náà, ó wá fọwọ́ tún irunmú ara rẹ̀ ṣe, irunmú tó ti funfun láti ogún ọdún. Ní géètì karùn-ún, Alága fún mi ní ìwé tí wọ́n máa buwọ́ lù pé kí n bá òun gbé e. Mo gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà kó o.

Aago mọ́kànlá lù ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a ṣì wà ní géètì kẹta. Agnes wà lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò súwẹ́tà, ó ń wo òkè bí ẹni fẹ́ fò. Nígbà tí aago lù mọ́kànlá ààbọ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún Dorcas pé, "Wọ́n á ti gbé oúnjẹ fún un. Á ti lọ sùn."

Aago méjìlá ààbọ̀ ni a tó dé géètì keje, tó wà lẹ́bàá ọgbà Beck House. Fèrèsé Walter nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Agnes wò ó. Wọ́n ti to kéèkì èso àti wàràkàṣì sórí tábìlì. Alága fi ìbọ̀wọ́ gé e, ó fi ìbọ̀wọ́ pín in. "Ẹ jẹun láìbẹ̀rù! Kò sí kòkòrò àrùn tó lè gba ìbọ̀wọ́ Ormerod kọjá!" Percy jẹ tirẹ̀, ó lá ìka. Dorcas kò yọ ọwọ́ lápò. "Mo ti yó," ló wí.

"Wàyí o, arábìnrin Mirza. Ìwé rèé. Ẹ buwọ́ lù ú."

Rukhsana kò gbà á. Ó tẹjú mọ́ ọn níbi tí mo nà án sí. Àmì àtàǹpàkò mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ó pupa fòò.

"Kí rèé?"

"Ọ̀dà àgùntàn mi ni," ni Seth wí. "Géètì kìíní ló wà láàárọ̀." Èmi kò gbọ́ kí Seth sọ gbólóhùn méjì tẹ̀ léra rí.

"Géètì kìíní nìkan?"

"Òun nìkan."

Gbogbo wa wo ẹ̀yìn. Àmì ìka wà lára igi funfun géètì keje, ó wà lára tábìlì. Ó wà lára wàràkàṣì. Percy wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Ìyáàfin Lofthouse. Ìyáàfin Lofthouse wo àyà rẹ̀, ó lọgun. Alága nìkan ni kò tíì mọ nǹkan kan. "Ọ̀dà wo? Níbo?" ló ń bèèrè, ojú rẹ̀ pupa láti etí kan dé èkejì.

Rukhsana ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ó sì yí i sí i. Ọwọ́ pálábá Cuthbert Ormerod ségi. Ó wò ó títí. Ó gbé ìbọ̀wọ́ sókè, ó fẹ́ nu ojú.

"Ẹ má nù ún!" ni Dorcas ké. "Ohun tí mo ti ń sọ láti oṣù kẹta nìyẹn! Ẹni kan fọwọ́ kan géètì kan, Alága. Ẹ ti kó o dé géètì méje, ẹ kó o símú, ẹ fi kéèkì gbé e fún Percy jẹ. Èyí, a rí i nítorí pé ọ̀dà ni. Ká ní kòrónà ni ńkọ́?"

Percy rọra tu ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ sínú koríko.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ láti aago mẹ́wàá rèé," ni Rukhsana wí. "Ọ̀nà yìí, ti gbogbo èèyàn ni. Ẹnikẹ́ni ò láṣẹ láti tì í, ìbáà ṣe alága, ìbáà ṣe ẹlòmíràn. Mi ò wá láti buwọ́ lù nǹkan kan. Mo wá gba kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín."

"Mo dábàá pé ká yọ alága," ni Seth wí. "Ní báyìí."

Òfin ìgbìmọ̀ wa ni pé kí wọ́n nawọ́ sókè, kí akọ̀wé kà á. Mo kà á. Ọwọ́ Dorcas, ó mọ́. Ọwọ́ Seth, ó pupa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló fi ṣe. Ọwọ́ Ìyáàfin Lofthouse, ó pupa. Èyí tó kọ́kọ́ gòkè, tó sì ga jù, tó pupa jù, ti Percy Dinsdale ni.

"Percy!" ni Cuthbert wí.

"Ẹ má bínú, Alága. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí ni mo máa ń wà."

Cuthbert yọ ṣéènì. Ó yọ ìbọ̀wọ́ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọwọ́ tó wà nínú wọn funfun, ó mọ́ tónítóní, bóyá òun ló mọ́ jù ní gbogbo Yorkshire. Ó dúró, kò mọ ibi tó máa fi wọ́n sí. Mo fẹ́ káàánú rẹ̀, mo rántí Agnes lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mi ò káàánú rẹ̀ mọ́.

"Dorcas," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ọṣẹ wo ló lè bọ́ ọ?"

"Èyí tí gbogbo èèyàn ní nílé."

Irọ́ ni, kò bọ́. Títí wọ́n fi kó koríko sínú abà lóṣù kẹjọ, imú Cuthbert ni èèyàn kọ́kọ́ ń rí kó tó rí Cuthbert.

Seth ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọkùnrin náà dà bí ìgbà tí ògiri òkúta ń wó, gbogbo wa sì bá a rín in, Rukhsana pàápàá. Ariwo náà wọ inú Beck House. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan ṣí fèrèsé díẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó wò wá, ó pòórá, nígbà tó sì padà dé, ó ń ti àga onítáyà kan bọ̀. Walter ló wà lórí rẹ̀. Ó ti rù. Wọ́n ti wọ súwẹ́tà fún un lódì.

Ó wo Cuthbert, imú àti etí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo Percy. Ó wo gbogbo wa bí èèyàn ṣe ń wo àlejò. Agnes ti fi ìgbọ̀nwọ́ ti géètì keje, ó ti dúró síbi tó máa ń dúró sí lórí koríko. Ó na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà mọ́.

Walter wò ó pẹ́. Kò nawọ́. Mo rí Dorcas tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò fẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà Walter na orí sí fèrèsé tó ṣí díẹ̀ yẹn, ó fajú ro.

"O pẹ́," ló wí.

Agnes fọwọ́ bo ẹnu, ó rántí, ó sì yára gbé e kúrò. Ẹkún àti ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé o pẹ́, ìwọ ló ń dúró dè.

"Má bínú, ọkọ mi. Alága ló dá mi dúró."

"Alága wo?"

Agnes bojú wẹ̀yìn. Cuthbert dúró lẹ́bàá tábìlì, ìbọ̀wọ́ bàbá bàbá rẹ̀ ń kán ọ̀dà sórí bàtà rẹ̀.

"Má yọra ẹ lẹ́nu, Walter," ló wí. "Kì í ṣe ẹni tó o mọ̀."